Chambre Claire àti Àwòrán Ìbejì Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ Faransé kan ni ó dójú tì mí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Kì í ṣe pé mo ń kọ́ni ní èdè Faransé o. Yorùbá ni iṣẹ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí mo wà ní Ìgbàyè, ìlú wa tí ó wà láàrin Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ wọn ní Faransé ni ó rán ọmọ kan sí mi lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní aáyan ògbufọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó na bébà kan sí mi, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mádáàmù ní kí ẹ bá àwọn wá ohun tí à ń pe èyí ní Yorùbá.” *Chambre claire* ni ó wà lára bébà. Mo mọ̀ pé yàrá ni *chambre*, mo sì ti gbọ́ rí pé *claire* ni ohun tí ó mọ́lẹ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà: “yàrá mímọ́lẹ̀”. Mo tilẹ̀ tún fi ṣe àpẹẹrẹ fún kíláàsì pé bí ògbufọ̀ ṣe rọrùn tó nìyẹn fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè méjèèjì.

Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó síwájú nawọ́ sókè. Ó ní, “Yàrá ta ni, sà?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó jókòó. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan ẹfun. Àìmọ̀ọ́gún, àìmọ̀ọ́tẹ̀ ni iyán ewùrà fi ń lẹ́mọ. Nígbà tí mo padà lọ wádìí, mo rí i pé *chambre claire* kì í ṣe yàrá rárá. Kò ní ògiri, kò ní òrùlé, kò sí ẹni tí ó lè sùn sínú rẹ̀. Ohun èlò kékeré ni, tí ènìyàn lè fi sápò.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní William Hyde Wollaston ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1806. Bí ó ti rí nìyí. Ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a ó dè mọ́ etí tábìlì. Ègé dígí kékeré kan tí a gé ní igun mẹ́rin yóò sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ yàwòrán yóò tẹ́ bébà sórí tábìlì, yóò wá fi ojú kan ṣoṣo wo ilẹ̀ láti etí dígí náà. Ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ara ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ bọ̀ yóò wọ inú dígí, yóò ta padà lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀ kí ó tó dé inú ojú. Nítorí pé ó ta padà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí a ń wò kì í dorí kodò, apá ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í di apá òsì. Ìdajì ẹyinjú ń wo inú dígí, ìdajì kejì ń wo bébà. Báyìí ni ohun méjì ṣe ń pàdé nínú ojú kan: ilé tàbí igi tàbí ènìyàn tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, àti bébà tí ó wà nílẹ̀. Yóò dà bí ẹni pé ilé náà dùbúlẹ̀ sórí bébà. Iṣẹ́ ayàwòrán kò ju kí ó máa fi pẹ́ńsùlù tọ ojú ìlà ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n ohun èlò náà kì í bá ènìyàn yàwòrán. Bí a bá gbé ojú kúrò, ilé ti lọ nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ bá ti kọ sórí bébà nìkan ni yóò kù.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní yàrá? Ìtàn ni ó fà á. Ní ilé ìyá tí ó bí ìyá mi, fèrèsé onípákó kan wà tí kòkòrò ti dá ihò kékeré sí lára. Bí oòrùn bá mú lóde, tí a sì ti fèrèsé náà, a máa ń rí àwọn tí ń kọjá lójú ọ̀nà lára ògiri kejì, ẹsẹ̀ wọn lókè, orí wọn nísàlẹ̀, aṣọ wọn pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀. Àwa ọmọdé a máa sọ pé ará ọ̀run ni wọ́n. Ibn al-Haytham, ọ̀mọ̀wé ará Basra, ti ṣàlàyé irú iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ yìí láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ní èdè Látìnì: *camera obscura*, èyí tí í ṣe yàrá tí ó ṣókùnkùn. Yàrá gidi ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di àpótí tí ènìyàn lè gbé rìn, orúkọ yàrá sì bá àpótí lọ. Nígbà tí Wollaston wá gbé tirẹ̀ dé, tí kò nílò òkùnkùn kankan, wọ́n fi dọ́gba pẹ̀lú ti ìṣáájú, wọ́n pè é ní *camera lucida*, yàrá tí ó mọ́lẹ̀. Àwọn Faransé túmọ̀ Látìnì yìí sí *chambre claire*. Orúkọ àjogúnbá ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ́ Ọdẹ́wálé tí kò gbé ìbọn rí.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò fojú sí ibí yìí dáadáa. Kámẹ́rà tí a ń pè lójoojúmọ́, tí ó wà lára fóònù tí ẹ fi pamọ́ fún olùkọ́ yín, yàrá ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tí ó ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ Látìnì, wọ́n gé *obscura* kúrò ní ìdí rẹ̀. Àwa náà yá a lọ́wọ́ wọn, a fún un ní ohùn tiwa. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, àfetíyá sì ni pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó pa á lára pé kò mọ̀ pé yàrá ni òun gbé lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gba ọmọ onílùú, a kì í béèrè ilé bàbá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè, nítorí òun ni yóò mú àlejò wọ̀lú.

Ohun èlò yìí kan náà ni ó wà nídìí fọ́tò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1833, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Fox Talbot, ń fi ohun èlò Wollaston yàwòrán létí adágún Como ní Ítálì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ àti omi ibẹ̀ dára lójú rẹ̀ nínú dígí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ojú kúrò, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ kò ṣeé rí mọ́ni. Ó wá ń rò ó pé ìbá ti dára tó bí àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé wá bá lè fi ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bébà láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Láti inú èrò náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó kéde rẹ̀ ní 1839, ọdún kan náà tí Daguerre kéde tirẹ̀ ní Párìsì.

Èyí tí ó jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí jù ni ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *La Chambre claire*. Roland Barthes, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ ọ́. Ọdún 1980 ni ó jáde, ọdún náà sì ni òǹkọ̀wé náà kú. Fọ́tò ni ìwé náà dá lé, ṣùgbọ́n ikú ìyá ni ó tì í kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ kú ní 1977. Ó ń tú àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ìyá náà fi sílẹ̀ wò, ó ń wá èyí tí yóò jọ ẹni tí ó mọ̀. Níkẹyìn ó rí i nínú fọ́tò kan tí wọ́n yà ní 1898, nígbà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ó tẹ fọ́tò mìíràn sínú ìwé náà, ṣùgbọ́n kò tẹ èyí, nítorí lójú ẹlòmíràn fọ́tò ọmọdé kan lásán ni yóò jẹ́. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé fọ́tò yàtọ̀ sí àwòrán tí a fi ọwọ́ yà: ẹni tí a rí nínú fọ́tò ti dúró níwájú kámẹ́rà rí, kò sí iyèméjì. Ó ní ti *camera lucida* ni ó yẹ kí a fi fọ́tò wé, kì í ṣe ti yàrá òkùnkùn.

Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ọkàn mi lọ sí fọ́tò kan ní ilé wa.

Ìbejì ni ìyá mi. Òun ni Táyéwò. Lára ògiri pálọ̀ ilé ìyá rẹ̀, fọ́tò dúdú-òun-funfun kan wà tí àwa ọmọ bá níbẹ̀: ọmọbìnrin méjì tí ó tó ọmọ ọdún márùn-ún jókòó sórí àga gbọọrọ, aṣọ kan náà, irun kan náà, ọwọ́ lórí itan. Ìyá mi máa ń sọ fún wa pé òun àti Kẹ́hìndé nìyẹn, pé Kẹ́hìndé ti lọ tipẹ́. Bí ó bá ra àkàrà, yóò fi ẹyọ kan sórí tábìlì tí ó wà lábẹ́ fọ́tò náà. Bí ó bá ṣe díẹ̀, yóò pè wá, yóò ní, “Ẹ wá gba ti àǹtí yín.” Àwa a sì jẹ ẹ́. Báyìí ni mo ṣe dàgbà tí mo mọ ojú àǹtí mi. Mo tilẹ̀ gbà pé ojú tirẹ̀ tutù ju ti ìyá mi lọ. Ti apá òsì ni mo fi ṣe tirẹ̀; n kò mọ ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìyá mi kú ní ọdún 2019. A fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìn, àbúrò mi ọkùnrin sì ní kí a fi fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ sí ojú ìwé kejì. Kò sí òmíràn àfi ti orí ògiri. Ó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan, wọ́n fi kọ̀ǹpútà gé e sí méjì, wọ́n fi ti apá ọ̀tún sílẹ̀, wọ́n yọ ti apá òsì sọnù. Nígbà tí wọ́n tẹ èyí tí a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àbúrò mi mú un wálé. Ìyá Ìnísà, tí í ṣe àbúrò ìyá ìyá mi, gbà á, ó sún un mọ́ ojú.

Ó ní, “Kẹ́hìndé dà?”

Àbúrò mi dá a lóhùn pé, “Mà, ìyá wa nìkan ni a fẹ́ lò. A ti yọ Kẹ́hìndé kúrò.”

“Èwo lẹ yọ?”

“Ti apá òsì ni, mà.”

Ìyá wò wá títí. Ó ní, “Táyé ni méjèèjì.”

Ó wá sọ ìtàn fún wa. Kẹ́hìndé kò pé ọdún méjì tí ó fi kú. Nígbà tí Táyé tó ọmọ ọdún márùn-ún, àìsàn kò jẹ́ kí ó gbádùn. Ìyá wọn sì gbà pé èkejì rẹ̀ ni ó ń pè é. Láyé ìṣáájú, ère ìbejì ni wọn ìbá gbẹ́, kí ìyá máa wẹ̀ ẹ́, kí ó máa fún un ní oúnjẹ, kí ó máa wọ aṣọ fún un bí ó ti ń ṣe fún èyí tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ti di ọmọ ìjọ, kò fẹ́ gbé ère wọlé. Ó mú Táyé lọ sọ́dọ̀ ayàfọ́tò kan ní Ìkìrun. Ọkùnrin náà gbé ọmọ jókòó sí apá òsì àga, ó yà á. Ó tún gbé e sí apá ọ̀tún, ó tún yà á. Ó wọ yàrá òkùnkùn rẹ̀ lọ, ó so méjèèjì pọ̀. Ìyá Ìnísà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní Táyé ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí àga, ó ń béèrè pé, “Ta ni mo fi àyè sílẹ̀ fún?” Ìyá rẹ̀ sì dá a lóhùn pé, “Èkejì rẹ ni.”

Kì í ṣe ilé wa nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1975, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí nípa àwọn ayàfọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún tí kò jìnnà sí wa. Ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà *African Arts* ní 1978. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, èyí tí ó wà láàyè ni wọ́n ń yà, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tí ó wà láàyè yóò wọ aṣọ tirẹ̀ kí wọ́n yà á, yóò sì tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀ kí wọ́n yà á. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Àwọn dókítà tí ó ṣírò ìbímọ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960 rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, bíi 45 ni ó jẹ́ ìbejì. Níbi tí ìbejì ti pọ̀ tó báyìí, tí ikú ọmọdé sì pọ̀ nígbà náà, iṣẹ́ ńlá ni ó já lé ayàfọ́tò léjìká gẹ́gẹ́ bí ó ti já lé agbẹ́gilére léjìká ṣáájú rẹ̀.

Àbúrò mi kò fara mọ́ ọn. Ó ní irọ́ ni fọ́tò náà, pé kò yẹ kí a kọ “Táyéwò àti Kẹ́hìndé” sínú ìwé ètò ìsìn nígbà tí Kẹ́hìndé kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo lọ́kàn mi, nítorí èmi gan-an ni mo pàdánù jù. Àǹtí tí mo rò pé mo mọ ojú rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó wà láyé lónìí, yàtọ̀ sí Ìyá Ìnísà, tí ó rí ojú Kẹ́hìndé rí. Mo jẹ àkàrà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lábẹ́ ojú ìyá mi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú, mo rí i pé a kò bi fọ́tò náà ní ìbéèrè tí ó yẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal ti tọ́ka sí i, nínú àròkọ kan tí ó jáde ní 2001, pé àwòrán jẹ mọ́ “à-wò-rántí”: ohun tí a ń wò kí a lè fi rántí. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ohùn o: àwòrán ni ohun tí a ń wò, awòran ni ẹni tí ń wòran.) Bí ìrántí bá jẹ́ iṣẹ́ àwòrán, ìyá ìyá mi kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Fọ́tò ti Barthes jẹ́rìí pé ẹni báyìí ti wà. Fọ́tò tiwa jẹ́rìí pé ìyá kan bí ọmọ méjì, kò sì gbà kí a máa kà á sí ẹyọ kan. Ẹni tí ó bá gé e sí méjì, kì í ṣe irọ́ ni ó gé kúrò; ẹ̀jẹ́ ìyá ni ó gé. A tẹ fọ́tò náà ní odindi. Mo kọ “Táyéwò àti Kẹ́hìndé” sábẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún mi pé mo ṣe é re.

Nígbà tí mo wá kà nípa ohun èlò Wollaston, tí mo rí i pé ojú kan ṣoṣo lè rí ohun méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀kan nílẹ̀, mo ní irú ojú tí ìyá ìyá mi fi ń wo ọmọ rẹ̀ nìyí. Táyé ni ó wà níwájú rẹ̀. Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé ojú kúrò, ọ̀kan yóò lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi wá ẹni tí yóò bá òun tọ ojú ìlà rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí mo jẹ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo padà sí kíláàsì lọ́sẹ̀ kejì, mo pa “yàrá mímọ́lẹ̀” rẹ́ nínú ìwé àwọn ọmọ, a sì jọ wá ọ̀rọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni àfetíyá, kí a pè é ní “ṣáńbù-kiléè”. A rí i pé kò lè sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò bá rí nǹkan náà. Èkejì ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, èyí tí ó ti dójú tì mí. Ẹ̀kẹta ni kí a wo iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, bí àwọn tí ó ṣe *Èdè-Ìperí Yorùbá* ti 1984 àti 1990 ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ń fi kọ́ni lónìí. A ti ní “awò ojú”, a sì mọ̀ pé ohun tí a ń gba inú rẹ̀ ríran ni awò. A fi ẹnu kò sí “awò ìyàwòrán”. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n “awò ìyàwòrán” kò lè jẹ́ orúkọ ìwé Barthes. Ohun tí òǹkọ̀wé náà ń dún lé lórí ni ìyàtọ̀ láàrin òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀. Bí a bá yọ yàrá kúrò, a ti yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. “Yàrá Ìmọ́lẹ̀” ni èmi yóò pè é. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà lè gba ìtumọ̀ méjì lọ́wọ́ ògbufọ̀ kan náà, ọ̀kan nínú ìwé ẹ̀kọ́, ọ̀kan lójú ìwé ìtàn. Olùdánwò tí ó bá béèrè ọ̀kan kò gbọdọ̀ fi èkejì gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí ó fi mú èyí tí ó mú.

Nígbà tí mo fẹ́ jáde, mo pe ọmọbìnrin tí ó béèrè lọ́jọ́sí pé yàrá ta ni. Mo sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ dára, pé èmi ni kò dáhùn. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, “Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n ti ìwé yẹn ńkọ́? Yàrá ta ni?” Mo ní, “Ti ìyá rẹ̀ ni.”

Fọ́tò náà ti wà ní pálọ̀ tèmi báyìí. Mo bá àwọn ọmọ mi sọ òdodo ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọmọ kan ni ó jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, bí àkàrà bá wọlé, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ ti Kẹ́hìndé.